Ẹ yé fi owó oṣù wa dí ihò ṣọ́ọ̀bù yín: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ ìlú Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù ńlá, ilé epo, ilé búrẹ́dì, ilé omi inú ọ̀rá àti òtẹ́ẹ̀lì ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákìé dé Ṣábó, láti Arówómọlẹ̀ dé Under G,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Púpọ̀ nínú yín tó bí mi lọ́mọ, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu. Àmọ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà ni màá ti sọ̀rọ̀ mi, torí ó ti pẹ́ tó ti ń ká mi lára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí fi àwòrán ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ibi tó ti ń tajà báyìí. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ó ní láti ìparí oṣù yìí lọ, ọjàkọ́jà tó bá sọnù, tó bàjẹ́, tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá lórí pẹpẹ, gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò pín owó rẹ̀ san, wọn yóò sì yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ó ní kí kálukú fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, kó má yọjú lọ́jọ́ Sátidé. Mọ́kànlá ni wọ́n níbẹ̀. Nígbà tó fi máa ya àwòrán náà, mẹ́sàn-án ti fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán pé, "Àǹtí mi, kí ni kí n ṣe?"

Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún méjì nílé, èmi kọ́ ni màá bọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ìwé náà ló yẹ kí n bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ibi tí mo ti ṣe kaṣíà fún ọdún mẹ́ta kò burú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí mo bá dárúkọ ọ̀kan, àwọn yòókù á ní ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn, bẹ́ẹ̀ ó kàn wọ́n.

1. Ẹni tó ń jẹ èrè ló ni àdánù

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí alẹ́ ọjọ́ kíka ọjà ṣe máa ń rí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín kì í sí níbẹ̀. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù ni. Bí a bá ti sin oníbàárà ìkẹyìn jáde, máníjà á fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀, á tì í láti inú. Kò sí ẹni tó ń lọ sílé àfi tí a bá kà á tán. Ẹnì kan á mú ìhà àwọn agolo, ẹnì kan á mú ìhà ọṣẹ, ẹlòmíràn á wà nídìí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Máníjà á jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, á ṣí ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle síwájú, bírò pupa á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá pe iye tí a kà, á wo iye tó yẹ kó wà nílẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, kò ní kọ nǹkan kan. Bí wọn ò bá dọ́gba, bírò pupa á kan ìwé. Bírò yẹn ni mo máa ń wò títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023, àròpọ̀ ṣọ́tẹ́ẹ̀jì, ìyẹn owó ọjà tí kò pé nínú kíkà, jẹ́ ₦96,400. Mẹ́jọ ni wá. Ó pín in lórí fóònù rẹ̀: ₦12,050 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó oṣù mi nígbà náà ₦35,000. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yẹn, ₦500 ni owó ìtanràn pípẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà ₦1,000 tún kúrò ńbẹ̀. Wọ́n ka ₦21,950 sí mi lọ́wọ́. Òkadà àlọ àti àbọ̀ mi jẹ́ ₦600 lójúmọ́. Ọjọ́ 28 ni mo fi lọ síbi iṣẹ́ lóṣù náà, ₦16,800 nìyẹn. Ẹ bá mi yọ ọ́. Ohun tí mo rí gbé délé lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù kan gbáko ni ₦5,150. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá owó kan lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Níbo ni ọjà ń gbà sọnù? Mo mọ̀ ọ́n, torí inú rẹ̀ ni mo wà. Eku ń jẹ ṣúgà àti bisikíìtì ní sítọ́ọ̀. A sọ ọ́, wọ́n ní àwọn á ra oògùn eku, wọn ò rà á. Àwọn tó ń já ọjà láti Ìbàdàn máa ń já páálí tí kò pé sílẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kí a ṣí i kà kí ọkọ̀ wọn tó lọ, máníjà á sì ní kí a má dá wọn dúró. Oníbàárà ń ju nǹkan sínú báàgì, kámẹ́rà tó sì wà lókè orí wọn kò ṣiṣẹ́ fún oṣù méje gbáko. Àwọn ará ilé ọ̀gá ń wọlé mú páálí Indomie àti òróró, wọ́n á ní "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀", ẹni tó yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ ń dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí iná ò wá fún ọjọ́ mẹ́rin, wọn ò sì ra díísù sí jẹnẹrétọ̀. Ẹja àti adìyẹ inú fírísà jẹrà, òórùn rẹ̀ gba òpópónà. Èmi ni mo kó o sínú àpò, tí mo gbé e lọ dànù, tí mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ fírísà náà tí ọwọ́ mi fi bó. Lóṣù yẹn, ẹja náà wà lára ohun tí wọ́n pín fún wa san. Mo sanwó ẹja tí mi ò jẹ, tí mi ò jí, tí mi ò sì ní agbára láti ra díísù tí ì bá gbà á là.

Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì ọdún náà, títí di aago mọ́kànlá alẹ́ la fi ń tajà. Owó tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, èmi ni mo kà á, mo mọ iye tó jẹ́. Kò sí ẹni tó pè wá pé ẹ wá pín èrè. A ò sì béèrè, torí kì í ṣe ti wa. Ẹ̀yin lẹ fi owó yín dá òwò sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni èrè. Ọ̀nà wo ni èrè fi jẹ́ ti ẹnì kan, tí àdánù sì jẹ́ ti ẹni mẹ́jọ?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wà nídìí òwò ní 2016 àti 2017, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ àti ti Ọ̀ṣun jọ ń fa ọ̀rọ̀ owó LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi tì pa fún oṣù púpọ̀. Under G dá páropáro. Àwọn onílé ò rí akẹ́kọ̀ọ́ gba ilé, àwọn onísọ̀ ń ti ìsọ̀. Gbèsè wọ̀ yín lọ́rùn nítorí ìjà tí ẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ké, ìlú gbọ́, ẹ sì jàre. Irú igbe yẹn náà ni mo ń ké sí yín báyìí.

Mi ò sọ pé olè ò sí láàrin wa. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ìpara méjì lábẹ́ yẹ̀rì ọmọbìnrin kan. Wọ́n lé e lọ, mi ò bá a sunkún. Ẹni tó bá jí nǹkan, ẹ mú un, ẹ fi ẹ̀rí hàn án, ẹ gba nǹkan yín. Àmọ́ kí ẹni méje má san owó ohun tí ẹnì kan jí tàbí tí eku jẹ. Ẹ tún gbọ́ èyí, torí àwọn máníjà yín ò ní sọ ọ́ fún yín: yíyọ owó gbogbo wa pọ̀ yìí gan-an ló ń sọ àwọn mìíràn di olè. Ọkùnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, n kò rí i kó mú abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìgbà kẹta tí wọ́n yọ owó rẹ̀, ó sọ ọ́ létí mi pé, "Bí mo mú un, bí mi ò mú un, wọ́n á yọ ọ́ lára mi. Kí n kúkú mú un." Ṣọ́tẹ́ẹ̀jì oṣù tó tẹ̀lé e pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

2. Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí èyí láti ọdún 1971

Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Labour Act kò ṣòro láti rí, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ alágbára ara àti òṣìṣẹ́ ìdí ìwé ló wà fún, ìyẹn irú wa. Ẹ ṣí abala 5. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn kúrò nínú owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn pé òun á máa yọ ọ́. Nítorí náà, ₦500 pípẹ́ yẹn lòdì sí òfin, ìbáà ṣe pé mo fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ọ̀rọ̀ àdánù ńkọ́? Òfin náà kò pa á tì. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó bá ṣe àìbìkítà tí àdánù fi dé bá ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá lè yọ ohun tó bá mọ níwọ̀n, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìwé àṣẹ, kó tó yọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ ni òfin ń bá wí, kò bá gbogbo ṣọ́ọ̀bù wí. Ta ni nínú yín tó ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí? Abala kan náà tún ní gbogbo ohun tí ẹ bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦35,000 kò tó ₦11,700. ₦13,050 ni wọ́n yọ lọ́wọ́ mi.

Mo mọ ìdí tí ẹ̀rù òfin yìí ò fi bà yín. Owó ìtanràn tó wà nínú rẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ tó bá rú u kò ju ₦800 lọ, ₦1,500 bó bá tún un ṣe. Owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ méjì tí mo pẹ́ ju owó tí kóòtù lè gbà lọ́wọ́ yín lọ. Èyí ń dùn mí, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá, tí Ògbómọ̀ṣọ́ dìbò fún, mọ̀ pé ó ń dùn wá. Kóòtù tó wà fún ẹjọ́ iṣẹ́, ìyẹn National Industrial Court, Ìbàdàn ló wà, nǹkan bí 100 kìlómítà sí wa. Ẹni tó gbé ₦5,150 délé kò ní wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ pe lọ́yà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi máa fi kóòtù halẹ̀ mọ́ yín nínú lẹ́tà yìí. Mò ń fi òfin hàn yín kí ẹ má bàa sọ pé ẹ ò mọ̀.

3. Ìwé ìgbanisíṣẹ́, àti ìwé ẹ̀rí mi tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín

Abala 7 òfin kan náà ní kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ẹ gba èèyàn síṣẹ́, kí ẹ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye owó rẹ̀, ìgbà tí ẹ ó máa san án, àti bí ẹ ó ṣe kìlọ̀ fún ara yín kí iṣẹ́ tó pín. Ọdún mẹ́ta ni mo ṣe, mi ò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n fún mi ni èyí tí àwọn onídùúró méjì kún fún mi.

Ní 2024 mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìwé bírò pupa yẹn kí n tó sanwó. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, máníjà pè mí lórí fóònù, ó ní, "Má wá mọ́ lọ́la." Ìpè náà kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ tó ọdún méjì tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ni abala 11 fún un. Ẹni tó bá tó ọdún márùn-ún, oṣù kan.

Ojúlówó ìwé ẹ̀rí OND mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí di òní. Ọjọ́ tí mo wọṣẹ́ ni wọ́n gbà á, wọ́n ní gbogbo wa làwọn ń gba tiwa pamọ́ "kí èèyàn má bàa sá". Nígbà tí mo lọ gbà á, wọ́n ní mo jẹ ₦18,700 ṣọ́tẹ́ẹ̀jì. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé náà hàn mí. Wọ́n ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti lọ. Ibi méjì ni mo ti pàdánù iṣẹ́ torí fọ́tòkọ́pì ni mo mú lọ. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí mọ ara rẹ̀, á sì ka lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, màá wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ bá mi fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wà nídìí káńtà.

4. Àga àti ìsinmi

Aago méje àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, lórí ìdúró. Òfin ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán wákàtí kan fi sinmi, kó sì ní odindi ọjọ́ kan nínú ọjọ́ méje. Ọjọ́ méjì la ń rí lóṣù, ìrẹsì la sì ń jẹ lórí ìdúró lẹ́yìn káńtà, a ó fi ọwọ́ kan bò ó bí oníbàárà bá wọlé. Àwọn ọmọ ilé epo, inú oòrùn ni tiwọn. Ẹ ra àga fún wọn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí, ojú yín rí i.

5. Ẹni tó lóyún, àti ẹni tí iná jó

Ọ̀rẹ́ mi kan lóyún níbi iṣẹ́. Nígbà tí ikùn yọ, máníjà ní kò bójú mu fún oníbàárà. Oyún oṣù méje ló fi lọ sílé, wọ́n ní kó padà wá bó bá bímọ. Ó bímọ, ó padà wá, ó bá ẹlòmíràn nínú aṣọ rẹ̀. Abala 54 sọ ọ́ kedere fún gbogbo ilé òwò: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó bímọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, bó bá sì ti ṣiṣẹ́ tó oṣù mẹ́fà, ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ yóò máa wọlé ní gbogbo àsìkò náà. Bó bá padà dé, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ pọ̀n nídìí ìsọ̀ kí ẹ tó di ẹni tí à ń pè ní Màdáàmù, ẹ̀yin gan-an ni mo ń wò lójú nígbà tí mò ń kọ ìlà yìí.

Fún ẹ̀yin onílé búrẹ́dì: òfin kan wà láti 2010 tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sí àpò ìjọba tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ẹ ń san ni. Bí ẹ bá ń dá a, ọmọ tí ààrò jó lápá kò ní máa gbé nọ́ńbà àkáǹtì báńkì kiri WhatsApp pé kí àwọn èèyàn fi owó ránṣẹ́.

6. "Àwọn mẹ́wàá ń dúró níta"

Kí ló dé tí mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá fi tètè fọwọ́ sí ìwé yẹn? Torí wọ́n mọ ohun tó wà níta. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé gíga ìlú yìí jáde, àwọn agùnbánirọ̀ ń parí, iṣẹ́ tó sì ń dúró dè wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju káńtà yín, POS àti òkadà lọ. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn máníjà yín sì fi ń nà wá: "Bí o ò bá fẹ́, àwọn mẹ́wàá ń dúró níta." Òótọ́ ni pé wọ́n ń dúró. Èmi náà ti dúró níta rí. Ní 2021, kí n tó rí iṣẹ́ kaṣíà yẹn, ṣọ́ọ̀bù kan ní kí n wá ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbálẹ̀, mo to ọjà, mo gbé àpò ìrẹsì. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n ní àwọn á pè mí. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá, ọmọ mìíràn ti wọ aṣọ tí mo bọ́ sílẹ̀, òun náà wà lẹ́nu ìdánwò tirẹ̀. Mo béèrè owó mi, wọ́n ní ìdánwò kì í gba owó. Ẹlòmíràn tún wà tó ń fi iṣẹ́ hàn, tó ń gba ìdajì owó oṣù àkọ́kọ́ kí èèyàn tó mọ bóyá oṣù kejì á wà.

Lórí iye owó: Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ìjọba Ọ̀yọ́ tiẹ̀ gbé tàwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ dé ₦80,000. Mo mọ̀ pé òfin owó oṣù náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín sì wà nínú ìyẹn. Mi ò ní parọ́ mọ́ òfin. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, mi ò sọ pé dandan ni kó san ₦70,000. Àmọ́ àwọn kan wà láàrin yín tó ní ẹ̀ka mẹ́ta, mẹ́rin, tí òṣìṣẹ́ wọn lápapọ̀ ju ogójì lọ, tí owó oṣù ṣì wà ní ₦35,000 tàbí ₦40,000. Ẹ̀yin yẹn, òfin mọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ kéré, ẹ san ìwọ̀nba tí ẹ ní ẹ ó san, kó pé, kó má lọ ju ìparí oṣù lọ.

7. Ohun tí mo ń béèrè

Ẹ já ìwé yẹn kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀. Èyí ni àkọ́kọ́, ó sì ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ má yọ kọ́bọ̀ kan fún ọjà tó sọnù àfi tí ẹ bá mọ ẹni tó sọ ọ́ nù, tí ẹ sì ní àṣẹ láti yọ ọ́. Ẹ pa owó ìtanràn pípẹ́ rẹ́.

Mi ò sọ pé kí ẹ jókòó máa wo àdánù. Ẹ fún kaṣíà kọ̀ọ̀kan ní àpótí owó tirẹ̀, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ka owó inú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni tí owó àpótí rẹ̀ kò bá pé, òun lẹ ó bi léèrè. Ẹ ka ọjà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ dípò ìparí oṣù, lójú ọ̀sán, kí ohun tó sọnù tètè hàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣí páálí kà kí ọkọ̀ tó lọ. Ẹ tún kámẹ́rà ṣe. Kí àwọn ará ilé yín máa gba rìsíìtì bíi gbogbo èèyàn. Ilé iṣẹ́ kan wà ní ìlú yìí tí ọ̀rẹ́ mi ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí, kò sì sí ẹni tó ń pín ṣọ́tẹ́ẹ̀jì níbẹ̀. Ọ̀gá wọn ṣì ń jèrè.

Ẹ kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ fún wa, ojú ìwé kan ti tó. Ẹ san owó ìdánwò, ìbáà jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ dá ìwé ẹ̀rí gbogbo ọmọ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín padà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àti ẹni tó ti lọ. Ẹ ya fọ́tòkọ́pì rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́.

Ẹ̀yin náà ní ẹgbẹ́ tí ẹ ti ń jókòó. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí tábìlì níbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ sì kọ èsì síta bí èmi náà ṣe kọ lẹ́tà mi síta. Bí mo bá ṣì yín wí níbì kan, ẹ tọ́ka sí i, màá tọrọ àforíjì ní gbangba.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo parí lẹ́tà yìí. Bí mo ṣe ń kà á padà ni àwòrán kejì wọlé láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Orúkọ ti pé mọ́kànlá. Tirẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ kékeré.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà fún ọdún mẹ́ta,
Ògbómọ̀ṣọ́.